Ẹ̀rín ni Wọ́n Fi Ń Bo Àmì

Bí ẹ bá gbé àga àtijọ́ kan lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, kò ní jókòó lé e. Yóò dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Iwájú àga ni ẹni tó kàn án fi ọ̀ṣọ́ sí, ibẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ tà á ti fi epo pa tó ń dán gbinrin; abẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò, kò ráyè purọ́. Ìwà yìí ló jẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀ràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti fi ṣe atọpinpin. Ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa fura sí àga, sí ṣíbí, sí aago ògiri, kò ní í pẹ́ kó tó fura sí ẹni tó gbé wọn wá.

Irú ìtàn tí mò ń sọ yìí, ìtàn ìwádìí onífàájì ni ẹ jẹ́ ká pè é. Ẹnì kan máa ń kú níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ikú náà kì í ṣojú wa. A kàn máa ń gbọ́ pé wọ́n bá olóògbé nínú ọgbà òdòdó tàbí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn lójú ewé. Abúlé kékeré tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn ni wọ́n máa ń fi ìtàn sí, tíì kì í tán nínú ife, ẹni tó sì ń wádìí kì í ṣe ọlọ́pàá. Agatha Christie ló sọ irú atọpinpin bẹ́ẹ̀ di ìlú mọ̀ọ́ká nígbà tó gbé The Murder at the Vicarage jáde ní 1930. Miss Marple inú rẹ̀ jẹ́ àgbà obìnrin tí kò lọ́kọ, tó ń gbé abúlé St. Mary Mead, tí kò ní ohun ìjà kankan ju òwú tó fi ń hun aṣọ àti etí tó ń gbọ́ òfófó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni alásè, olùtọ́jú ilé ìkàwé, olódòdó àti oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń tò tẹ̀lé e wọlé.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù nínú àwọn oníṣòwò yìí ni Lovejoy. Oníṣègùn òyìnbó kan, John Grant, tó ń fi Jonathan Gash ṣe orúkọ ìkọ̀wé, ló dá a sílẹ̀ nínú The Judas Pair ní 1977, ìwé náà sì gba ẹ̀bùn John Creasey tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé àkọ́kọ́. Ẹkùn East Anglia ni Lovejoy ń gbé. Onígbèsè paraku ni, kò sì sí obìnrin tó lè fọkàn tán an. Nínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ le díẹ̀; ìgbà tí BBC sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 1986, tí Ian McShane ń ṣe é, ni ara rẹ̀ rọ̀, tó wá di ẹni tí tọmọdé tàgbà lè jókòó wò. Ó ní ẹ̀bùn kan: bí ojúlówó ohun àtijọ́ bá wà nítòsí, ara rẹ̀ á sọ fún un. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀bùn yẹn. Atọpinpin tí ara rẹ̀ ń sọ òkodoro fún dà bí babaláwo tó ń sọ ohun tí Ifá wí láì tíì da ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n gba òun gbọ́, kó dà á níṣojú mi.

Ohun tó dùn nínú iṣẹ́ náà gan-an kò sí nínú ara, ojú àti ọwọ́ ló wà. Ẹ mú ṣíbí fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, òǹtẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún wà tí ẹni tó ń fi í ro tíì kò ní í kíyè sí. Kìnnìún tó ń rìn, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ń jẹ́rìí pé nínú ìdá 1000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà gidi. Láti 1544 ni wọ́n ti ń tẹ kìnnìún náà. Orí àmọ̀tẹ́kùn fi hàn pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdákọ̀ró ni ti Birmingham. Adé ni ti Sheffield kó tó di pé wọ́n fi òdòdó róòsì rọ́pò rẹ̀ ní 1975. Lẹ́tà kan ṣoṣo tún wà níbẹ̀ tó ń yí padà lọ́dọọdún, àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó rọ ọ́. Ẹni tó bá lè kà wọ́n yóò sọ ìlú, ọdún àti alágbẹ̀dẹ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà kò kéré. Wọ́n á gé ibi tí òǹtẹ̀ wà kúrò lára ṣíbí àtijọ́ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á jó o mọ́ ìdí ìkòkò tíì tuntun, ìkòkò náà á sì di àgbà lọ́sàn-án kan òru kan. Kì í ṣe òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀: nígbà tí ìjọba gbé owó orí lé fàdákà ní 1720, àwọn alágbẹ̀dẹ mìíràn fúnra wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà san án. Oníṣòwò tó mọ̀ kì í jiyàn. Yóò gbé ìkòkò náà súnmọ́ ẹnu, yóò sì mí èémí gbígbóná sí ìdí rẹ̀, hàà. Bí èémí bá ti bo ojú fàdákà, ilà tín-ín-rín kan á yọ yí òǹtẹ̀ ká níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ ọn. Kí ẹni tó gbé e wá tó parí ìtàn ìyá ìyá rẹ̀, èémí náà ti gbẹ, òótọ́ sì ti jáde.

Igi ńkọ́? Igi máa ń sún kì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, pákó á máa dín ní ìbú, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀, bí iṣan igi ṣe lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ dín. Nítorí náà, tábìlì róbótó tí wọ́n fi ojúlówó pákó kàn ní igba ọdún ó lé sẹ́yìn kì í ṣe róbótó mọ́ lónìí. Ẹ na tépù sí i lọ́nà méjì, ọ̀nà kan á fi bí ìdajì íńṣì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀, gùn ju ìkejì lọ. Tábìlì tó bá ṣe róbótó géérégé ni kí ẹ bi ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Ihò kòkòrò náà ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sọ igi di arúgbó tipátipá a máa fi ohun ìlù-hò lu pákó, ihò wọn a sì tọ́ gbọnrangandan, nígbà tó jẹ́ pé kòkòrò kì í rìn tààrà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kòkòrò a máa wọ inú, a sì máa jáde, ṣùgbọ́n kò ní la ojú pákó lọ gbọọrọ bí ẹni ń la poro. Bí ẹ bá rí irú poro bẹ́ẹ̀ lójú tábìlì, a jẹ́ pé wọ́n tún fi ayùn la pákó náà lẹ́yìn tí kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán: igi rẹ̀ gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n tábìlì ò gbó. Àpá ayùn tó tẹ̀ kọrọdọ, ayùn olóbìrí ló fà á, kò sì lè ti ọwọ́ káfíńtà 1750 wá. Síkúrù olórí àgbélébùú kò sí láyé ṣáájú àwọn ọdún 1930. (Ẹ má tíì pe ọlọ́pàá o, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan tún ẹsẹ̀ àga ṣe ni.) Abọ́ tánńganran tí wọ́n kọ England sí nídìí, lẹ́yìn 1891 ló sábà máa ń jẹ́, nítorí Amẹ́ríkà ṣe òfin owó ibodè kan ní 1890 tó ní dandan kí ọjà tó ń wọ ilẹ̀ òun máa jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ ti máa rí ibi tí mò ń lọ. Òǹkọ̀wé kò nílò láti hùmọ̀ ohun tí yóò tú àṣírí. Iṣẹ́ náà ti kó o jọ sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tó ṣòro ni bí yóò ṣe fi àmì náà han òǹkàwé tí òǹkàwé kò fi ní í rí i. Ìlànà kan sì wà fún un. Ní 1929, àlùfáà Kátólíìkì kan tó tún ń kọ ìtàn ọ̀ràn, Ronald Knox, gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní kí atọpinpin má ṣe rí àmì kan tí kò ní fi han òǹkàwé lójú ẹsẹ̀. Òmíràn ní kí atọpinpin fúnra rẹ̀ má jẹ́ ẹni tó hùwà náà. Òmíràn tún ní yàrá ìkọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ìtàn; ọ̀kan náà ti pọ̀, lójú tèmi. Ọdún kejì ni àwọn òǹkọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù dá Detection Club sílẹ̀. Christie àti Dorothy Sayers wà níbẹ̀, G. K. Chesterton ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ búra pé òun kò ní rẹ́ òǹkàwé jẹ.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń fi nǹkan pamọ́ sí gbangba? Ẹ jẹ́ ká ta ìtàn kan. Opó olówó kan kú ní abúlé kan ní Suffolk. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ní kí obìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wá fojú owó wo ẹrù ilé. Tábìlì róbótó kan wà ní pálọ̀, ọmọkùnrin náà sì ń yangàn pé láyé baba ńlá àwọn ni wọ́n ti ń jẹun lórí rẹ̀. Obìnrin wa fẹ́ mọ̀ bóyá tábìlì yóò gba ẹnu ọ̀nà jáde, ló bá fa tépù yọ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìhín, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ọ̀hún. Bó ṣe fẹ́ na tépù sí ilẹ̀kùn báyìí ni ológbò olóògbé fò mọ́ ọn, ó fi èékánná há tépù, tépù padà wọ inú rẹ̀ ṣàrà, ó sì fa ológbò dé orí itan àlùfáà tó ń mu tíì. Tíì dà sí àlùfáà lára. Gbogbo ilé dìde.

Ojú ewé 18 nìyẹn. Òǹkàwé ń rẹ́rìn-ín àlùfáà, kò sì rántí iye tí tépù kà. Ní ojú ewé 190, nígbà tí wọ́n bá kó gbogbo ẹni tí a fura sí jọ sí pálọ̀ kan náà, obìnrin wa yóò bi wọ́n pé báwo ni tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun lórí rẹ̀ láti igba ọdún ṣe róbótó dọ́gbadọ́gba. Ẹnì kan ti ta ojúlówó, ó ti fi ayédèrú dípò, opó sì ti mọ̀. A ti rí i, a ti kà á, kò sí ẹni tó rẹ́ wa jẹ. Kì í ṣe ológbò ló mú wa gbàgbé, ẹ̀rín ni.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé àwàdà inú ìtàn onífàájì, iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni, pé kí ikú má baà wúwo jù ni wọ́n ṣe fi sí i. Ibi ìkópamọ́ ni. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kì í ka owó. Bí ẹ bá tún ìwé tó dára nínú irú wọn kà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ wo ibi tí ẹ ti rẹ́rìn-ín jù. Ó ṣòro kí ẹ máà bá àmì kan níbẹ̀.

Àwọn oníjìbìtì gidi náà mọ ọgbọ́n yìí, wọn ò sì kà á nínú ìwé. Ní 2003, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bolton san £440,000 fún ère àlábásítà kan, obìnrin tí kò lórí tí kò lápá, tí wọ́n gbà pé ọmọ ọba Íjíbítì ni, tó ti lé ní 3,000 ọdún. Bàbá àgbàlagbà kan, George Greenhalgh, tó ń jókòó sórí àga onítáyà, ló gbé e wá. Kò pariwo pé ohun iyebíye ni. Ṣe ló ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun, ẹrù ìdílé lásán. Ó ní ìwé kan tó bá a rìn: ìwé àkọsílẹ̀ ọjà gbàǹjo tí wọ́n ṣe ní 1892 nílé olówó kan, Silverton Park ní Devon, tó mẹ́nu ba ère Íjíbítì mẹ́jọ. Ìwé náà jẹ́ ojúlówó. Ère ni kì í ṣe ojúlówó. Ọmọ rẹ̀, Shaun, ló gbẹ́ ẹ níbi tí gbogbo wọn ń gbé, nínú ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà. Wọ́n fi òótọ́ kan gbé irọ́ kan dúró, wọ́n sì fi arúgbó tó ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ síwájú, kí àwọn ọ̀mọ̀ràn lè fúnra wọn ṣàwárí ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣàwárí. Ta ni yóò fura sí irú bàbá bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí wọ́n tún gbé òkúta Asíríà wá fún British Museum ní 2005 ni ọwọ́ ba wọ́n: ìjánu ẹṣin tó wà lára rẹ̀ kò bá ti àkókò náà mu, àṣìṣe sì wà nínú ìkọ̀wé àtijọ́ tí wọ́n fín sára rẹ̀. Ní 2007 ni ilé ẹjọ́ rán Shaun lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ. Bí òǹkọ̀wé kan bá gbé irú ìdílé yìí wá sínú ìtàn onífàájì, wọ́n á ní àsọdùn ni.

Ohun mìíràn wà tó mú oníṣòwò yìí yẹ fún iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé ilé tó ṣòfò ni ọjà rẹ̀ ti ń wá. Òun ni wọ́n ń pè kí wọ́n tó pín ogún. Òun ló ń ṣí dúrọ́ọ̀, tó ń ka lẹ́tà àtijọ́ tó bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń fi ọ̀pá ìwọ̀n ki inú tábìlì ìkọ̀wé láti mọ̀ bóyá inú dúrọ́ọ̀ kúrú ju ẹ̀yìn tábìlì lọ. Bó bá kúrú, àyè kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan fi pamọ́. Kí aládùúgbò tó gbọ́ pé nǹkan kò rọgbọ nílé ọ̀gá kan, oníṣòwò ti ra ṣíbí fàdákà ilé náà ní ìkọ̀kọ̀. Ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó mọ ẹni tó purọ́ nípa ẹ̀gbà ìyá rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá sì ń bá ara wọn du àpótí àlòkù tí kò tó pọ́n-ùn márùn-ún níbi gbàǹjo títí tó fi di irínwó, òun nìkan ló mọ̀ pé ohun kan wà nínú àpótí náà tí kì í ṣe àlòkù. Àwọn ọlọ́pàá sì ní ìdí láti fura sí òun náà, nítorí ta ló tún jèrè ikú arúgbó olówó kíákíá bẹ́ẹ̀?

Ní tiwa, àwọn atọpinpin inú ìwé Yorùbá kò ní fàájì. Lápàdé tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá sílẹ̀ nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969, tó tún padà wá nínú Àgbàlagbà Akàn ní 1971, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni, jàǹdùkú ló sì ń bá fà á. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ ti oníṣòwò ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, ère àti orí idẹ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, wàhálà sì wà níbẹ̀. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè sílẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni ra irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní àṣẹ, kò sì gbà kí wọ́n gbé e kọjá ibodè láìsí ìwé. Oníṣòwò inú ìtàn yóò di ọ̀daràn kó tó mu tíì àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì wúwo ju ẹ̀rín lọ: orí Olókun tí Leo Frobenius rí ní Ifẹ̀ ní 1910, Leon Underwood kọ ọ́ ní 1949 pé èyí tó wà nílẹ̀ jẹ́ àwòṣe tí wọ́n fi iyanrìn dà, àríyànjiyàn kò sì tíì kúrò lórí rẹ̀.

Aṣọ ni èmi yóò mú. Obìnrin tó ń ta aṣọ òkè àtijọ́ ní Ọjà Òjé, n'Ìbàdàn, kò rú òfin kankan, gbogbo ìdílé tó ń pín ogún ló sì ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Sányán tí àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ, òwú tí kòkòrò inú igbó ń ran ni ojúlówó rẹ̀. Ayédèrú ni kí wọ́n pa òwú lásán láró kó lè ní àwọ̀ kan náà. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò ju ìṣáná lọ. Fa òwú kan yọ níbi ìṣẹ́tí, kí o tanná ràn án. Òwú lásán á jó fìrí, òórùn bébà ló máa ń gbé jáde, eérú rẹ̀ a sì fúyẹ́. Òwú kòkòrò á sún kì, á máa rùn bí irun tó jó, ohun dúdú tó ń fọ́ léékánná ló máa ń fi sílẹ̀.

Bàbá olówó kan kú, ó fi agbádá sányán kan sílẹ̀ fún àbíkẹ́yìn. Ìyàwó mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, àpótí kan. Wọ́n pe ìyá aláṣọ láti wá dá owó lé ẹrù. Bó ṣe na ọwọ́ sí agbádá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ iná, ìyàwó kejì ké pé kí wọ́n má ṣe jó aṣọ ọkọ òun o. Gbólóhùn yẹn ni kò gbọdọ̀ dá dúró lójú ewé. Àárín ibi tí wọ́n ti ń jà lórí ẹran ọjọ́ kẹjọ ni mo máa fi sí, níbi tí ẹ̀gbọ́n olóògbé ti fi fìlà bo orí ewúrẹ́, tó sì jókòó lé e kí àwọn àna má baà rí i.